Ta Ni Yóò San Àmù Tó Fọ́?

Ká ní à ń wó ilé ìdáná alámọ̀ ní Kpankou láti fi bíríkì kọ́ òmíràn, tí ògiri sì ya lu àmù tí ìyá àgbà fi sílẹ̀. Ta ni yóò san án? Abala 1382 nínú Code civil ti 1804 pàṣẹ pé kí ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ ba nǹkan jẹ́ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ ló ti ògiri. Ọ̀gá kò dúró tì í. Onílé kò kó ẹrù jáde. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Níhìn-ín, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ̀. Owó lè ra àmù mìíràn, kò lè ra èyí tí ìyá àgbà pọnmi sí. Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ bẹ ẹbí, àti onílé pàápàá. Lẹ́yìn náà ni kí a sọ̀rọ̀ owó.