Kòkòrò Tí Ń Dí Ògiri àti Ọwọ́ Tí Ń Dín Sìmẹ́ńtì Kù

  

Níbi àpérò wa ní Mowe, arákùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Ibafo béèrè pé: "Áfà, mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó ti ṣe kọnkéré tó ń wo ara rẹ̀ sàn bí ó bá sán. Ṣé wàhálà ilé wíwó kò ti parí báyìí?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni apá kìíní ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 2006, Henk Jonkers, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Delft ní Netherlands. Irú kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus, tó lè gbé inú adágún tí omi rẹ̀ mú bíi káún, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá kò lè gbé. Bí oúnjẹ àti omi bá tán, á ká ara rẹ̀ jọ bíi hóró èso, á sùn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìkú. Jonkers kó o sínú hóró amọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀, calcium lactate, ó sì pò ó mọ́ kọnkéré. Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Níhìn-ín, omi òjò ni aláǹgbá. Ògiri lanu, omi wọlé, kòkòrò jí, ó jẹun, ohun tó sì ti inú oúnjẹ náà jáde di òkúta ẹfun. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú tó là á dí. Bó ti ń jẹun, ó tún ń lo oxygen tí ì bá mú irin inú kọnkéré dípẹtà.

Subhanallah! Ẹ̀yin ará Ifo tí ẹ ń gba Papalanto kọjá sí Ewekoro, ẹ mọ òkúta ẹfun yẹn. Òun ni wọ́n ti ń wà níbẹ̀ fún sìmẹ́ńtì láti ọdún 1960. Ìkarahun ẹ̀dá inú òkun wà nínú rẹ̀, torí pé òkun ló bo ibẹ̀ nígbà kan rí. Kí ẹnikẹ́ni tó dá yunifásítì sílẹ̀ ni Ọlọ́hun ti ń fi ẹ̀dá kéékèèké mọ òkúta. Jonkers wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ó yá a lò. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé báyọ́lọ́jì kò kan ọmọ ilé-kéwú, ẹ gbọ́ o.)

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí agbára kòkòrò náà mọ. Ojú sísán tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 0.8 mìlímítà lọ ni ó ń dí. Kò lè dá sìmẹ́ńtì tí a kò fi sí i padà. Bí róòdù tó yẹ kó jẹ́ 16 bá di 12, kòkòrò kò ní sọ ọ́ di 16. Ẹ̀yin bíríkìlà mọ 1-2-4: sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan, yanrìn méjì, òkúta gíráníìtì mẹ́rin. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn kan wà tó ń fi àpò sìmẹ́ńtì kan yọ búlọ́ọ̀kù 50, tó jẹ́ pé bí a bá gbé e, ó ń rún sí wa lọ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe ojú sísán. Súrà Al-Mutaffifin ń bá àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù wí. Ẹ má rò pé oníṣòwò gaàrí nìkan ló kàn. Ànábì wa ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ọ̀rinrin kan ìka rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó bi ọlọ́jà náà ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i, ó sì yọ oníjìbìtì kúrò lára àwọn tirẹ̀. Ta ni yóò ki ọwọ́ bọ inú òpó ilé tí a ti rẹ́, tí a sì ti kùn lọ́dà?

Ní ọjọ́ 13 oṣù March, ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Ita Faji ní Lagos Island. Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí 20 ẹ̀mí ló lọ, àwọn ọmọ iléèwé sì wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Nígbà tí a ń da líńtẹ̀lì ilé-kéwú wa, owó kò tó. Bíríkìlà bi mí: "Áfà, ṣé ká dọ́gbọ́n sí i?" Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo wo ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní kó ṣe é bó bá ti rí. Àpò mẹ́ta la dín kù. Lẹ́yìn ọdún méjì, méjì nínú líńtẹ̀lì náà sán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí wọ́n rẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún là, ìka mi sì ń wọ inú ọ̀kan báyìí. Ọmọ 34 ló ń jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Mo ti sọ fún àwọn òbí. Abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ọmọ ti ń kéwú. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, a ó wó líńtẹ̀lì méjèèjì. Ẹni tó bá ní òòlù, kó mú un wá. Owó oṣù mi ni n ó fi ra sìmẹ́ńtì. Arákùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí ni yóò da tuntun, èmi ni n ó sì dúró tì í, tí n ó máa ka àpò.