ỌMỌ TA NI ỌMỌ TÍ OGUN LÉ DÉ Ọ̀DỌ̀ WA?

Bí ogun bá já ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ ta ni?

Àwa ará Nyékonakpoè, tí bodè Gánà kò jìnnà sí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn lásán. Ní ọdún 1993, nígbà tí ìbọn dún ní Lomé, bí ènìyàn 300,000 ló sá lọ sí Gánà àti Bẹ̀nẹ̀. Ní 2005, lẹ́yìn ìbò, bíi 40,000 tún sá. Láti 2021 ni ogun Burkina Faso sì ti ń lé àwọn ènìyàn wọ agbègbè Savanes ní òkè Tógò. Ẹni tó ń sá, ẹrù wà lórí, ọmọ wà lẹ́yìn, òmíràn wà lọ́wọ́. Bí èrò bá ya, ọwọ́ á já.

Àwọn kan máa ń wí pé, “Èmi ni mo bọ́ ọ, èmi ni mo daṣọ bò ó, ó ti di tèmi.” Ará, oúnjẹ dára, aṣọ dára, ẹni tó lágbára tí kò ṣe é ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í ra ọmọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: orúkọ ọmọ ni ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹni tó bá pa orúkọ náà dà, ó ti dí ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ ì bá gbà rí i.

Ẹ rántí ogun Biafra. A fi ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn ọmọ tí ebi ń pa lọ sí Gabon àti Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ àánú ni. Nígbà tí ogun parí, ní 1970 sí 1971, àjọ àgbáyé tí ń tọ́jú àwọn asásálà ṣe ìrànlọ́wọ́ láti kó bíi 5,000 wọn padà wálé. Ẹ ò rí i pé àánú kò parí nígbà tí ọmọ yó. Ìgbà tó délé ló tó parí. Àdéhùn tí àwọn ìjọba Áfíríkà ṣe ní 1990 lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé náà sọ pé kí a wá òbí ọmọ tí ogun yà sọ́tọ̀, kí a sì so wọ́n pọ̀.

Ọmọbìnrin Fáráò gbé Mósè kúrò nínú odò, ó ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó dúró lókèèrè tó ń ṣọ́ ọ, òun ló jẹ́ kí ọmú ìyá tún kan ẹnu rẹ̀. Kí àwa náà ṣe iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ jẹ́ kó jẹun, kó sùn. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀, kó bi í ní orúkọ rẹ̀, ti ìyá rẹ̀ àti ti abúlé rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi tó ìjọba létí, àti Croix-Rouge, nítorí wọ́n mọ bí a ti ń wá òbí. Ẹ má sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń kiri ọjà nígbà tí àwọn ọmọ yín wà nílé ẹ̀kọ́. Bí a bá sì rí i dájú pé òbí rẹ̀ ti kú, tí kò sí ẹbí, kí ìjọba mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ló wà, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀.

Òṣùwọ̀n kan ló kù: bí ìyá rẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn wa lálẹ́ òní, ṣé tayọ̀tayọ̀ ni a ó ṣí i, àbí a ó fi ọmọ pamọ́? Kí Olúwa má jẹ́ kí a kùnà níbẹ̀ o. Àmín.