Igba Ojú Tí Í Wo Ọmọ



Nígbà tí Jésù jẹ́ ọmọ ọdún 12, Màríà àti Jósẹ́fù rin ìrìn odidi ọjọ́ kan kúrò ní Jerúsálẹ́mù kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má ṣe pè wọ́n ní aláìbìkítà. Wọ́n rò pé àárín ìbátan àti ojúlùmọ̀ ni ọmọ náà wà, níbi tí gbogbo ojú ti ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá ṣe pé láti Ojúẹlẹ́gba dé Muṣin ni ọmọ tiyín ń rìn lónìí, ta ni ẹ lè fi ọkàn tán bẹ́ẹ̀?

Ìlera ni ìjọba ń wá nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ìgbìmọ̀ atúnlùúṣe sílẹ̀ ní 1928. Ètò tí ìgbìmọ̀ náà gbé kalẹ̀ ní 1955 ni ó wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra ní Èkó, tí ó sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé wá sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun gba afẹ́fẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwé tí Peter Marris tẹ̀ jáde ní 1961 fi hàn pé ìdílé fọ́nká: ìyá àgbà wà níhìn-ín, ọmọ-ọmọ wà lọ́hùn-ún. Èmi kò dá àwọn tí ó wó ilé lẹ́bi pátápátá, nítorí àrùn kì í ṣe eré. Síbẹ̀, igba ojú tí í wo ọmọ kò bá ẹrù wọn dé Sùúrùlérè.

Ní 2018 ìjọba àpapọ̀ fi òfin de oògùn ikọ́ olómi tí ó ní codeine, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ń mu ún yó. Òfin kò lè dúró sí ẹ̀yìnkùlé yín. Ọkùnrin kan nínú ìjọ wa rí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú ìgò náà, kò sì sọ̀rọ̀. “Fadá, kì í ṣe ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ yóò ní mo ń bú òun.” Kí n má purọ́, èmi náà ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, mo kọjá lọ nítorí ìpàdé kan tí n kò rántí mọ́.

Àwọn òbí mìíràn a máa bínú lóòótọ́. Kò sì sí ẹni tí ó ní kí ẹ na ọmọ ọlọ́mọ, tàbí kí ẹ ròyìn rẹ̀ káàkiri àdúgbò. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ọkùnrin yìí jọ lọ. (Wọ́n gbà kí n sọ ọ́.) Obìnrin náà gbé àga fún wa. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti kó dé ilé yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi òun léèrè ọmọ náà rí.