Kí Ló Kàn Mí Níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ lórí Kíkìlọ̀ fún Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Rí

Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Kíkí tí a ń kí ara wa kú ewu ọ̀nà yìí ni ó mú mi yan ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìrántí yìí, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú ewu náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ lójú wa kòrókòró, tí ẹnu wa sì pa mọ́.

Ẹ wo ohun tí gbogbo wa mọ̀. Èrò kún inú bọ́ọ̀sì. Dírẹ́bà ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń bá ẹnì kan jà lórí owó, ó sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyá tó wà níwájú di ìjókòó mú gírígírí. Bàbá kan ń pe Ẹ̀jẹ̀ Jésù lábẹ́ ètè. Bí àwa Aládùúrà bá wà níbẹ̀, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù nínú ọkàn wa. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo kò sọ fún dírẹ́bà pé kí ó gbé fóònù sílẹ̀. Bí a bá gúnlẹ̀ láyọ̀, a ó jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi pé Ọlọ́run kó wa yọ. Ó kó wa yọ lóòótọ́. Àmọ́ mo ń bèèrè pé, ta ni ó ní kí a máa fi iṣẹ́ tí ẹnu wa lè ṣe rán Ọlọ́run?

Èmi kò sọ pé ènìyàn burúkú ni àwọn tó dákẹ́ o. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ mọ ohun tí yóò gbà. Dírẹ́bà yóò ní, "Ṣé ìwọ lo ni ọkọ̀ ni?" Kọ̀ńdọ́kítọ̀ yóò ní kí o sọ̀kalẹ̀ lọ wọ ọkọ̀ bàbá rẹ. Èyí tó dunni jù ni pé àwọn èrò tí o ń tìtorí wọn sọ̀rọ̀ gan-an ni yóò yíjú sí ọ pé, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, ẹ má jẹ́ kó bínú." Yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù yìí, ohun rere kan náà wà tó ń mú ènìyàn dákẹ́. Wọ́n kọ́ wa nílé pé kí a má máa yọjú sí ọ̀ràn ọlọ́ràn. A sì mọ irú ẹni tí kì í jẹ́ kí àdúgbò sinmi, tó jẹ́ pé kò sí ohun tí kò kàn án láyé. Ta ló fẹ́ jọ ọ́?

Nínú Ẹ́kísódù orí kejì, Mósè rí Hébérù méjì tí wọ́n ń jà, ó bá èyí tó jẹ̀bi wí, ọkùnrin náà sì bi í léèrè irú ipò tó wà tó fi ń dá àwọn lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń bú ọkùnrin yìí. Ní tèmi, ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni Mósè pa ará Íjíbítì kan tó sì fi iyanrìn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí a bá wí ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó fún wa lẹ́nu láti wí i. Bí a kò bá ní ìdáhùn kan ju pé inú ń bí wa lọ, ó sàn kí a jókòó jẹ́ẹ́.

Ìdáhùn tí èmi rí ni pé ewu náà fúnra rẹ̀ ló ń fún wa lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá ń mu ọtí nínú ilé rẹ̀, mo lè gbàdúrà fún un, mo lè wàásù fún un bí ó bá gbà mí láàyè, ṣùgbọ́n n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni kan náà bá mu ọtí ní gáréèjì tó sì fẹ́ gbé wa lọ sí Ìlọrin, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní tirẹ̀ nìkan. Ẹ ka Deutarónómì orí kejìlélógún, ẹ ó rí i pé Ọlọ́run pàṣẹ pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ já bọ́. Ilé onílé ni, òrùlé onílé ni, síbẹ̀ òfin gun orí rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹlòmíràn lè gun orí rẹ̀. Ti màlúù tó ń kàn, tó wà nínú Ẹ́kísódù orí kọkànlélógún, tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí màlúù kò bá ṣe irú rẹ̀ rí tó wá kan ènìyàn pa, ẹni tó ni ín bọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ tí kò sì so màlúù mọ́lẹ̀, ọ̀ràn ikú ni. Kí irú òfin bẹ́ẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́, ará àdúgbò kan gbọ́dọ̀ ti rìn lọ sí ilé onímàlúù lọ la ẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa epo pẹtiróòlù, nítorí kì í ṣe gbogbo wa ló mọ èyí. Oru tó ń jáde lára epo yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń fà mọ́, ó ń wọ́ lọ bí omi, títí yóò fi bá iná pàdé níbi tí ẹni tó ni epo kò fojú sí. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń mu sìgá ní igun kan ilé epo fi lè dáná sun ẹni tó wà ní igun kejì. Ojú kò rí oru náà. Nítorí náà, kí a tó pe ẹni tó ń ṣáná níbẹ̀ ní òmùgọ̀, kí a rántí pé ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ fún un rí.

Ní àkókò ọ̀wọ́n epo kan, mo wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì epo wọlé, ó fi àpò bò ó, ó sì tì í sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Òórùn gba inú ọkọ̀ kan. Ìyá àgbà kan tó gbé èlùbọ́ lọ tà ló yíjú sí i, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé epo nìyẹn, àbí imú mi ló ń tàn mí?" Ọmọ náà ní epo ni, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù òun ni òun fẹ́ fi tàn. Ìyá ní, "O kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á bù sí i. Ṣùgbọ́n tó bá gbaná, ìwọ ló máa kọ́kọ́ jó, torí ìwọ lo jókòó lé e. Dírẹ́bà, ẹ dúró, ẹ dá owó ọmọ mi padà fún un, kó gbé e sọ̀kalẹ̀." Dírẹ́bà fẹ́ ṣagídí, ó ní àwọn tó ń gbé epo pọ̀ lójú ọ̀nà. Níbẹ̀ ni gbogbo èrò lanu lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ìyá yìí ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ọmọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀. Ó ráhùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bú ìyá náà, nítorí ìyá náà kò bú u. Mo tún kíyè sí i pé ó bèèrè kí ó tó dájọ́, àti pé ó rántí owó ọkọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ojú omi ni tirẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ni, kì í ṣe atukọ̀, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún wọn pé ewu wà nínú ìrìn àjò náà. Balógun ọ̀rún gba ti ọ̀gá atukọ̀ àti ti ọlọ́kọ̀ gbọ́ ju tirẹ̀ lọ. Ìjì dé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n yìí ni pé Pọ́ọ̀lù kò wọ igun lọ máa wò wọ́n níran. Nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ yọ́ bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kí wọ́n sá lọ, kò bá wọn jìjàkadì. Balógun ọ̀rún àti àwọn ọmọ ogun ló sọ fún, àwọn náà sì gé okùn ọkọ̀ kékeré náà dànù. Ènìyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀ náà, gbogbo wọn ló dé ilẹ̀ láàyè.

Ìgbà mìíràn wà tí a ó sọ tí wọn kò ní gbọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ agbépo kan dojú dé ní Majiya, ní Ìpínlẹ̀ Jigawa. Àwọn ọlọ́pàá gbìyànjú láti lé àwọn tó wá gbọ́n epo sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èrò borí wọn. Iná sọ, àwọn tó kú lé ní 150. Ẹ̀yin ará Èkó kò lè gbàgbé Abúlé-Ẹ̀gbá, ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2006, nígbà tí epo ń tú jáde lára páìpù. Bí ọlọ́pàá kò bá rí èrò dá dúró, ẹ̀yin ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, ẹ má dúró níbẹ̀ jiyàn o. Olùṣọ́ inú Ìsíkíẹ́lì orí kẹtàlélọ́gbọ̀n, fèrè ni wọ́n ní kí ó fọn, wọn kò ní kí ó máa wọ́ àwọn ará ìlú lẹ́sẹ̀. Bí dírẹ́bà bá ti mu yó tó sì ń fi ọ̀bẹ halẹ̀, sọ̀kalẹ̀, fi owó rẹ sílẹ̀ fún un.

Síbẹ̀, "mo ti sọ tèmi" kò tíì tó bí ẹni tó ní agbára bá wà nítòsí. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní nọ́ńbà tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́, 122 ni. Ti pàjáwìrì gbogbogbòò sì ni 112. Àjọ náà pàápàá ní ìtàn tó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kì í ṣe ọlọ́pàá, olùkọ́ ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tí ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ti ń gba ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1988, òun sì ni alága wọn àkọ́kọ́. Ní oṣù keje ọdún 2014 náà, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ kí aláìsàn Ẹ̀bólà tó ti Làìbéríà dé jáde ní ilé ìwòsàn ní Ọbáléńdé, bí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ọkùnrin náà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tó. Àìsàn náà mú un, ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ènìyàn 8 ni ó pa ní Nàìjíríà kí wọ́n tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé a ti bọ́. Ẹ ronú ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ní Èkó bí ó bá ti sọ pé kí ló kàn òun.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti àwa Aládùúrà gan-an, n kò sì ní fi bò. Bí dírẹ́bà bá ń ṣagídí, àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé, "Mo ríran sí ọkọ̀ yìí." Ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ẹ̀rù á ba dírẹ́bà. Bí Ẹ̀mí bá fi hàn ọ́ lóòótọ́, sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojú rẹ lo fi rí i pé táyà ti fá, sọ pé táyà ti fá. Ẹni tó bá fi orúkọ Ọlọ́run dẹ́rù ba ọmọ ènìyàn lórí ohun tí Ọlọ́run kò sọ ti purọ́ mọ́ Ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí ló fẹ́ gbà là. Lọ́jọ́ tí ìran gidi bá dé, ta ni yóò gbọ́?

Àwa náà sì ni ẹlòmíràn ń kìlọ̀ fún. A ń tan àbẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ títa, a ń sun túràrí nínú ilé tí a háyà, a ń sùn lọ lẹ́yìn ìṣọ́ òru nígbà tí iná ṣì ń jó. A ń lọ sí etí òkun, àwọn apẹja tó mọ omi náà sọ pé kí a má kọjá ibi báyìí, a ní Ẹ̀mí ló ń darí wa. Ọmọdé gádì sọ fún ẹni tó wọ sùtánà pé kí ó pa àbẹ́là nítòsí kẹ́ẹ̀gì epo, wọ́n ní kò mọ àgbà. Ọmọ náà mọ àgbà. Epo ni kò mọ àgbà.

Nípa ti ìpadàlọ àwọn àlejò lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, a ti sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ pé iye ìjókòó ni iye èrò, àti pé onílù tàbí ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kankan kò gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Bí ẹ bá rí dírẹ́bà tó ti mu ọtí, tàbí tí ẹ gbọ́ òórùn epo nínú ọkọ̀, ẹ wá bá mi ní ẹnu géètì kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí n kò bá sí níbẹ̀, ẹ rí ẹni tó so tẹ́ẹ̀pù pupa mọ́ apá. Òun ló ní àṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró.