Orúkọ Ta Ni Ká Fi Wá Ìwé?

Ẹ̀yin olùkà wa, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Bí èèyàn bá wọ ilé ìkàwé, tó ń wá ìwé ìtàn gidi, tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, orúkọ òǹkọ̀wé ni wọn yóò bi í. Inú káàdì la ti ń wò ó tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ló pọ̀ jù báyìí. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé náà ló ṣì ń ṣáájú. Ẹ wá "Johnson, Samuel" wò. Ó kéré tán, méjì ni yóò jáde. Ọ̀kan ni òyìnbó tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1755. Èkejì ni àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, tó kọ ìtàn Yorùbá. Ọdún ìbí àti ọdún ikú la fi ń dá wọn mọ̀: 1709 sí 1784 ni ti òyìnbó, 1846 sí 1901 ni ti àlùfáà wa.

Ó parí, àbí? Kò tíì parí o! Àlùfáà yìí kú lọ́dún 1901, ọdún 1921 ni ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, jáde. Ṣé òkú ń kọ̀wé ni? Rárá. Ó parí iṣẹ́ náà lọ́dún 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ló sì sọnù sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn ìwé àjákù tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ jọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Òun náà kú lọ́dún 1920, kò fojú rí i ní títẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà nípò òǹkọ̀wé. Olóòtú ni àbúrò pe ara rẹ̀. Ká ní ó sọ ọ́ di tirẹ̀ ni, ta ni ì bá yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò?

Èmi kò ṣe bíi Obadiah. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, iṣẹ́ ìwé ìròyìn gbé mi dé Aráròmí-Obu, nítòsí Ọ̀rẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń sá kòkó fún mi ní àga. Ó sọ bí ọkàn wọn ṣe rí ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà dé Ọ̀rẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó jáde, orúkọ mi ló wà lókè gàdàgbà. "Àgbàlagbà kan" ni mo pe Bàbá. Àwọn èèyàn yìn mí, mo sì gba ìyìn náà.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ Bàbá wá mi wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Orúkọ bàbá àgbà mi ni mo fi wá ọ̀rọ̀ náà kiri, n kò rí i. Tiyín nìkan ni mo rí." Bàbá ti kú. Kí ni mo fẹ́ wí?

Ẹnìkan lè sọ pé ẹni tó kọ̀wé ló ni ín, pé ẹnu lásán kì í ṣe ìwé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òmíràn lè ní a máa ń fi orúkọ ẹlòmíì pamọ́ nítorí ààbò. Òótọ́ nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n Bàbá kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, kò sì ní kí n fi orúkọ òun pamọ́. Èmi ni n kò kà á sí. Ẹni tó gún iyán ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣé ó wá yẹ kó gbàgbé ẹni tó gbin iṣu?

Mo fi gègé kọ orúkọ Bàbá sórí ẹ̀dà kan fún ọmọ náà. Ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nílé ìkàwé kò yí padà.

Nítorí náà, ẹ máa fi orúkọ òǹkọ̀wé wá ìwé, ọ̀nà tó dára ni. Bí ẹ bá rí i tán, ẹ ṣí ọ̀rọ̀ ìṣáájú, kí ẹ wo àwọn tí òǹkọ̀wé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ bi í léèrè.