Owó Ìlú, Ẹ̀bùn Aládùúgbò àti Ẹ̀tọ́ Asanwó-orí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá ń jó ni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni ni a kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òtítọ́ ni òwe méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kò papọ̀. Nígbà tí ìjọba bá bu owó-orí ará ìlú, tí ó fi ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́ ní orúkọ ètò ààbò, èwo nínú wọn ni kí ènìyàn tẹ̀ lé? Ǹjẹ́ asanwó-orí ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀?

Ìbéèrè yìí kan Sábọ̀n Gàrí ní Kánò gbọ̀ngbọ̀n. Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá àdúgbò náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún fún àwọn àlejò, Yorùbá àti Ìgbò pẹ̀lú. Oníṣòwò ibẹ̀ mọ ohun tí owó-orí jẹ́. Ní 2020, owó-orí ọjà kúrò ní náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, ó di méje àbọ̀. Ní 2016, iná jó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ nínú ọjà ńlá Sábọ̀n Gàrí.

Ní oṣù Kẹjọ 2022, ìròyìn jáde pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí owó tí ó lé ní bílíọ̀nù kan náírà láti fi ra ọkọ̀ Land Cruiser mẹ́wàá fún orílẹ̀-èdè Niger. Oṣù Kejì ọdún náà ni ó ti fọwọ́ sí i, oṣù kan náà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì olóṣù mẹ́jọ. Mínísítà fún ètò ìnáwó, Zainab Ahmed, dáhùn pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà yóò ran aládùúgbò lọ́wọ́, pé nítorí ààbò ni, àti pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Ẹjọ́ àwọn tí ó takò ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Owó-orí kì í ṣe ọrẹ àtinúwá. Tipátipá ni a fi ń gbà á. Ohun tí a bá fi ipá gbà lọ́wọ́ tálákà kò yẹ kí á fi ṣe ọlá lójú àlejò. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ jóná, tí ọmọ rẹ̀ sì jókòó sílé láìrí kíláàsì wọ̀, kò ṣe ahun bí ó bá béèrè ibi tí owó rẹ̀ gbà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì kò yẹ ní fífọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹta 2013, bọ́ǹbù bú ní ibùdókọ̀ New Road ní Sábọ̀n Gàrí, ó sì pa àwọn èrò tí ó ń múra àtilọ sí ìhà gúúsù. Ní 2015, àwọn ọmọ ogun Niger àti Chad ni ó lé Boko Haram kúrò ní Damasak, lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Agbègbè Diffa ní Niger sì gba ọ̀pọ̀ ọmọ Borno tí ogun lé kúrò nílé. Nítorí náà, ohun tí ó dà bí ẹ̀bùn lè jẹ́ gbèsè tí a ń san.

Bí a bá wọn méjèèjì, fífúnni kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà ni fífi orúkọ ààbò bo ohun tí ó yẹ kí ará ìlú rí. Ààbò jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ń dẹ́rù bani. Ẹni tí ó bá béèrè lẹ́yìn rẹ̀ a máa dà bí ọ̀dàlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹrin 2024, nígbà tí ìrànlọ́wọ́ fún Ukraine, Israel àti Taiwan wà nílẹ̀, àwọn aṣojú dìbò lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀ di òfin kan tí owó rẹ̀ tó bílíọ̀nù 95 dọ́là. Ẹni tí ó fẹ́ ọ̀kan tí kò fẹ́ èkejì rí àyè sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́wàá tiwa kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀: oṣù Kẹjọ ni ará ìlú tó gbọ́ ohun tí a ti pinnu ní oṣù Kejì. Ní oṣù Keje 2023, àwọn sójà gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Niger. Ẹ̀bùn tí a fún ìjọba kì í bá olórí rẹ̀ kúrò lórí oyè. Ìdí mìíràn nìyí tí ó fi yẹ kí á rò ó ní gbangba kí á tó fi tọrẹ.

Kí asanwó-orí má kọ̀ láti san owó-orí, nítorí inú àpò kan náà ni owó oṣù olùkọ́ àti oògùn ilé ìwòsàn ti ń jáde. Ṣùgbọ́n kí ó má dákẹ́. Kí ó béèrè iye rẹ̀, ìdí rẹ̀, àti ẹni tí ó gbà á. Ìjọba tí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ bá mọ́ kò ní sá fún ìbéèrè mẹ́ta. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kọ́ ọmọ ní méjèèjì: kí ó máa san ti ìlú, kí ó sì máa béèrè ti ìlú. Ẹni tí ó mọ ọ̀kan láìmọ èkejì, ààbọ̀ ọmọ ìlú ni.