Ẹni Tí Ń Darí Ojú: Ẹ̀tàn Ni Bí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ojú ni ọ̀rọ̀ wà." Ṣùgbọ́n nínú àwòrán tí a fi ẹ̀rọ yà, ta ni ó ń yan ojú tí a ó wò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí nǹkan ti rí gan-an ni ẹ̀rọ ń yà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán ni ó ń yan ibi tí yóò dúró, ohun tí yóò fi sínú àwòrán, àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Bí ó sì ti tò wọ́n ni ojú wa ń tọ̀ wọ́n. Ǹjẹ́ ẹni tí ó darí ojú wa báyìí ha tàn wá jẹ bí?

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù kẹta ọdún 1936, nígbà tí àìríṣẹ́ àti ebi gbòde ní Amẹ́ríkà, Dorothea Lange, obìnrin ayàwòrán tí ń ṣiṣẹ́ fún Ìjọba ilẹ̀ náà, dé àgọ́ àwọn alágbàṣe oko ní Nipomo, ní California. Òtútù ti pa ohun ọ̀gbìn, iṣẹ́ kò sì sí. Níbẹ̀ ni ó ti rí ìyá ọlọ́mọ kan, ẹni ọdún 32, ó sì ya àwòrán rẹ̀ mélòó kan. Nínú ti ìṣáájú, àgọ́ àti ẹrù gba àyè, ojú kò sì mọ ibi tí ì bá bà lé. Ó sún mọ́ wọn. Nínú èyí tí ayé mọ̀ jù lọ, ọmọ méjì fi orí ti èjìká ìyá wọn, wọ́n kẹ̀yìn sí wa. Ọmọ ọwọ́ sì wà lórí itan rẹ̀. Nítorí pé àwọn ọmọ fi ojú pamọ́, ojú ìyá nìkan ni ó kù fún wa láti wò. Apá rẹ̀ tí ó gbé sókè, tí ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, sì dàbí ọ̀nà tí ó mú wa lọ síbẹ̀.

Ẹ̀tàn ha ni èyí bí? Mo ní rárá. Ebi náà kì í ṣe àròsọ. Bí olùkọ́ ti ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ọ̀rọ̀ lára pátákó, kí ọmọ má baà máa wo ìta, bẹ́ẹ̀ ni Lange ṣe. Nígbà tí ìwé ìròyìn gbé ọ̀ràn náà jáde, Ìjọba fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí àgọ́ náà.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Àtàǹpàkò kan hàn ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà. Lange mú kí a pa á rẹ́, nítorí pé ó ń fa ojú kúrò lára ìyá náà. Àwọn kan bá a wí. Ní tèmi, ohun tí ó wúwo ju àtàǹpàkò lọ ni pé a wo ojú obìnrin náà fún ọdún púpọ̀, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1978 ni a tó gbọ́ pé Florence Owens Thompson ni; ó sì ráhùn pé òun kò rí kọ́bọ̀ kan gbà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa pẹ̀lú jẹ́ ayàwòrán. Èmi fúnra mi ti sọ fún baba kan rí pé ọmọ rẹ̀ ń pẹ́ dé ilé-ìwé, n kò sì sọ pé omi ni ọmọ náà ń pọn fún ìyá àgbà rẹ̀ kí ó tó wá. Òtítọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà jẹgba. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a wí fún ènìyàn pé, "Wo ibí." Ẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ nínú kí a mú un gbàgbọ́ pé kò sí ibòmíràn mọ́.